Alẹ́ tí wọ́n hó lé Ned Yost lórí ní Kansas City

Abala kẹfà nínú mẹ́sàn-án ni eré dé nígbà tí Ned Yost dìde. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni, ní pápá Kauffman tó wà ní Kansas City, ìpínlẹ̀ Missouri. Èrò tó wà níbẹ̀ lé ní 40,000. Kansas City Royals, ikọ̀ béèsìbọ́ọ̀lù tí Yost jẹ́ mánéjà fún, ń fi àmì ayò 3 sí 2 ṣíwájú Oakland Athletics. Ṣùgbọ́n Oakland ti ní èèyàn méjì lórí béèsì, àwọn ibùdó tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sá yí ká kó tó wọlé ní àmì ayò, Royals ò sì tíì rí ẹyọ ẹnì kan yọ nínú wọn ní abala náà. Yost rìn lọ sórí òkìtì tí pitcher, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, máa ń dúró sí. Ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ James Shields, ó sì ní kí Yordano Ventura máa bọ̀.

Ẹnu ya ẹni tó bá mọ eré náà. Bọ́ọ̀lù 88 péré ni Shields tíì jù, irú alẹ́ báyìí gan-an sì ni wọ́n torí ẹ̀ lọ gbà á wá láti Tampa Bay ní ìparí ọdún 2012. Ventura ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 23 láti orílẹ̀-èdè Dominican Republic. Ó wà lára àwọn pitcher tó máa ń bẹ̀rẹ̀ eré, kì í ṣe àwọn tí wọ́n ń pè wọlé nígbà tí nǹkan bá ti fẹ́ dàrú. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ méjì ṣáájú, ó ti ju bọ́ọ̀lù 73 ní Chicago. Apá rẹ̀ ò tíì sinmi.

Brandon Moss ti Oakland ló gbé igi dúró dè é. Moss ti gbá ọ̀kan kọjá ògiri ní abala kìíní, ó sì gbá ti Ventura náà kọjá ògiri ní àárín gbùngbùn pápá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ògiri báyẹn, gbogbo ẹni tó wà lórí béèsì á rọra rìn wọlé pẹ̀lú ẹni tó gbá a, àmì ayò kọ̀ọ̀kan sì ni. Mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí Yost tún jáde láti wá yọ Ventura kúrò, àwọn èrò ìlú rẹ̀ hó lé e lórí gan-an. Kí abala náà tó parí, ó ti di 7 sí 3.

Wild Card ni wọ́n ń pe eré alẹ́ yẹn, òun ni ẹnu ọ̀nà ìdíje àṣekágbá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo sì ni nígbà náà. Ẹni tó bá pàdánù á dìgbá dagbọ̀n, á lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 162 ló ti gbá kó tó débẹ̀. Ọdún 29 ni Royals ò sì ti fojú kan ìdíje àṣekágbá. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀ gbẹ̀yìn ni 1985, ọdún tí wọ́n gba World Series, ife tó ga jù lọ nínú eré náà. Ọmọ tí wọ́n bí ní Kansas City lọ́dún yẹn ti tó ẹni tó ń mú ọmọ tirẹ̀ wá sí pápá.

Ní tèmi, ìpinnu tí Yost ṣe lórí Ventura kò dára, mi ò sì rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́ di dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwà tó mú un ṣe é, ìwà ẹni tó ti fọkàn sí ohun kan tí kò sì gbọ́ ti ẹlòmíì, òun náà ló gba ikọ̀ rẹ̀ là kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ tó ṣe kó tó di mánéjà ló kọ́ ọ níwà yẹn.

Catcher ni Yost. Èèyàn mẹ́sàn-án ló máa ń wà lórí pápá fún ikọ̀ tó ń ṣọ́lé. Mẹ́jọ nínú wọn ló kọjú sí ilé, níbi tí ẹni tó gbé igi dúró sí. Catcher nìkan ló kọjú sí gbogbo pápá. Ó lóṣòó sẹ́yìn onígi, ó fi irin bojú, ó so aṣọ timùtimù mọ́ àyà àti ojúgun, bọ́ọ̀lù líle tó ń sáré ju máìlì 90 lọ ní wákàtí kan sì ń dún gbàmù nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tó ń nà láàárín itan ló fi ń sọ fún pitcher irú bọ́ọ̀lù tó yẹ kó jù. Òun ló ń mọ̀ bóyá apá ti ń rẹ pitcher kí kóòṣì tó mọ̀. Abájọ tí àwọn catcher tí kò mọ igi gbá fi máa ń di mánéjà ju àwọn ìràwọ̀ lọ: láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń wo gbogbo pápá, tí àwọn yòókù sì ń wo ibi iṣẹ́ tiwọn nìkan.

Iṣẹ́ kan tún wà tó jẹ́ ti catcher, ìyẹn ni pípa olè. Ẹni tó wà lórí béèsì kìíní lè sá lọ sí ìkejì nígbà tí pitcher bá ń ju bọ́ọ̀lù sí onígi. Jíjí béèsì ni wọ́n ń pè é, kò sì lòdì sófin. Catcher gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀lù, kó dìde nílẹ̀, kó sì jù ú dé béèsì kejì, nǹkan bíi mítà 39, kí olè náà tó fi ẹsẹ̀ kàn án. Bó bá lò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, olè ti lọ. Ẹni tó bá ti fara gba irú ìyà yìí fún ọdún mélòó kan mọ ohun tó máa ń dun catcher jù lọ.

New York Mets ló kọ́kọ́ mú Yost ní 1974, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Milwaukee Brewers ló ti dé líìgì ńlá ní 1980. Igbákejì ló jẹ́. Ted Simmons ni catcher gangan, Yost ń jókòó, ó ń wò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1982, ní Boston, ní abala kẹsàn-án, ó gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá ògiri tó mú àmì ayò mẹ́ta wá. Ẹyọ kan ṣoṣo tó gbá kọjá ògiri ní gbogbo sáà náà nìyẹn, Milwaukee sì fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré borí Baltimore nínú ìpín wọn. Ní gbogbo ìgbà tó fi gbá eré náà, .212 ni ìdá tí wọ́n kọ sí orúkọ rẹ̀: bó bá gbé igi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, díẹ̀ ló fi ju ẹ̀ẹ̀méjì tó gbá a dáadáa. Nígbà òtútù, tí kò sí eré, ó ń ṣiṣẹ́ ní Mississippi lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú òkú ẹran tí ọdẹ pa kó lè dúró lórí ògiri bí ẹran ààyè.

Ní oṣù Kejìlá 1983, Milwaukee fi Yost àti ẹnì kan ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Texas Rangers, wọ́n sì gba Jim Sundberg, ọ̀kan lára àwọn catcher tó mọ ilé ṣọ́ jù lọ láyé ìgbà náà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Sundberg bọ́ sọ́wọ́ Kansas City, òun ló sì dojú bolẹ̀ wọlé pẹ̀lú àmì ayò tó gba Royals là ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹfà World Series 1985. Ẹni tí wọ́n fi Yost pààrọ̀ ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Kansas City jẹun gbẹ̀yìn. Lọ́dún yẹn, Yost wà ní Montreal, ibi tó ti parí eré rẹ̀ ní líìgì ńlá.

Láti 1988 sí 1990 ó ṣe mánéjà fún ikọ̀ kékeré kan ní Sumter, South Carolina, lábẹ́ Atlanta Braves. Ní 1991, Bobby Cox, mánéjà Atlanta, pè é sókè, ọdún 12 ló sì lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Níbi tí àwọn pitcher arọ́pò ń jókòó sí dìgbà tí wọ́n bá nílò wọn ló ti kọ́kọ́ ṣe kóòṣì. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ béèsì kẹta, níbi tí kóòṣì ti ń juwọ́ sí ẹni tó ń sáré pé kó wọlé tàbí kó dúró. Àwọn ọdún tí Maddux, Glavine àti Smoltz ń ju bọ́ọ̀lù fún Atlanta ni. Ohun kan tí wọ́n mọ̀ mọ́ Cox ni pé kì í bú agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní gbangba, kì í sì í tìtorí ọ̀sẹ̀ burúkú kan gba ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yost gbé ìwà yẹn kúrò ní Atlanta lódindi.

Milwaukee fún un ní iṣẹ́ mánéjà ní 2003. Ó bá ikọ̀ tó ti rì, ó rọra gbé e dìde pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ní 2008 wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà ìdíje àṣekágbá, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kẹsàn-án wọlé, nǹkan yíwọ́. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14, wọ́n pàdánù 11. Philadelphia fi mẹ́rin léra nà wọ́n. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, tó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 kí sáà parí, tí wọ́n ṣì wà nínú eré, wọ́n lé Yost lọ. Irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ikọ̀ náà sì wọ ìdíje àṣekágbá láìsí òun, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1982. Ẹni tó bá ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lè di ojo lẹ́yìn náà, kó máa bẹ̀rù gbogbo nǹkan. Ó tún lè yigbì. Yost yigbì.

Dayton Moore, ọ̀gá tó ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ fún Royals, tóun náà ti ṣiṣẹ́ ní Atlanta, ló mú un wá sí Kansas City. Nígbà tí Royals lé mánéjà wọn ní oṣù Karùn-ún 2010, Yost gba ipò náà. Àwọn ọmọ tí Royals ti ń tọ́ bọ̀ láti ikọ̀ kékeré ló gbójú lé: Eric Hosmer, Mike Moustakas, Alex Gordon tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti Salvador Pérez, catcher ọmọ Venezuela. Bí Moustakas kò bá rí bọ́ọ̀lù gbá fún oṣù méjì, orúkọ rẹ̀ á ṣì wà lórí ìwé lọ́la. Inú ń bí àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ náà. Ní oṣù Keje 2014, wọ́n ti gba 48, wọ́n ti pàdánù 50, àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n lé Yost ò sì kéré. Ní oṣù Kẹjọ tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í borí, òun náà tún bínú ní gbangba pé àwọn èèyàn ò wá sí pápá. Kò sí mánéjà tó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìlú tí kò tíì fún ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ àwọn pitcher arọ́pò wá ni. Royals ní mẹ́ta tí kò sí irú wọn lọ́dún yẹn: Kelvin Herrera fún abala keje, Wade Davis fún ìkẹjọ, Greg Holland fún ìkẹsàn-án. Bí Royals bá ti fi ẹyọ àmì ayò kan ṣíwájú lẹ́yìn abala kẹfà, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Yost fẹ́ràn ìṣètò náà débi tó fi sọ ọ́ di òfin. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ń ṣíwájú Boston ní abala kẹfà, béèsì kún, àwọn èrò sì ń retí Herrera. Yost fi Aaron Crow sílẹ̀ lórí òkìtì. Daniel Nava gbá bọ́ọ̀lù Crow kọjá ògiri, mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan. Àlàyé Yost lẹ́yìn eré ni pé abala kẹfà ni ti Crow, ìkeje ni ti Herrera. Gbogbo Kansas City fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibi tí Wild Card wá bá a nìyẹn, ọjọ́ 16 lẹ́yìn náà. Abala kẹfà kan náà, ẹ̀rù kan náà. Ó mọ̀ pé Shields ti fẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé Crow kọ́ ló kàn, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì lè kúrò lára òfin tó fi abala keje fún Herrera. Ó wá wá ọ̀nà ẹ̀bùrú: Ventura, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń sún mọ́ máìlì 100. Ó ní iná tó ń jó lápá ọmọ náà lòun fẹ́, kó lè pa onígi láì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan igi rárá. Èrò yẹn ò burú lórí ìwé. Ohun tó gbàgbé ni ohun tó yẹ kí catcher mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, pé pitcher tó ń bẹ̀rẹ̀ eré ní bó ṣe ń gbóná ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá gbé e sáàárín wàhálà pẹ̀lú èèyàn méjì lórí béèsì, apá tó fi ju bọ́ọ̀lù 73 ní ìjẹta ò ní dá a lóhùn bó ṣe fẹ́. Èyí tó tún burú jù ni pé Herrera wọlé ní abala kẹfà yẹn náà, lẹ́yìn tí Moss ti ṣe tiẹ̀. Òfin tí Yost ń ṣọ́ kò kọjá ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á ya.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀ láti abala kìíní, èrò ò kàn rí i ni. Oakland mọ̀ pé olè ni Royals. Lọ́dún 2014, Royals jí béèsì 153, kò sí ikọ̀ tó jí tó bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá ògiri jẹ́ 95, kò sí ikọ̀ tó gbá tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Bob Melvin, mánéjà Oakland, tóun náà jẹ́ catcher láyé ọjọ́un, tó tiẹ̀ ti gbá fún Royals ní 1992, fi Geovany Soto sípò catcher nítorí apá rẹ̀. Jon Lester ló ju bọ́ọ̀lù, ọ̀gá ni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí béèsì kìíní láti dá olè dúró. Soto ni ààbò Lester.

Ní abala kìíní, Billy Butler, tí kò yá lẹ́sẹ̀ rárá, há sáàárín béèsì. Hosmer rí i, ó sá wá sílé láti béèsì kẹta, Soto sì pa á lẹ́nu ọ̀nà. Eré òmùgọ̀ ni lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n bí Soto ṣe kan Hosmer, àtàǹpàkò ọwọ́ rẹ̀ fara pa, kò sì lè máa bá eré lọ. Derek Norris ló rọ́pò rẹ̀. Norris mọ igi gbá ju Soto lọ, àmọ́ ní ti olè pípa, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀.

Àwọn kóòṣì Yost rí i. Rusty Kuntz, kóòṣì béèsì kìíní, máa ń mú aago dání láti ka iye àáyá tí pitcher ń lò kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Olè ní ń mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta, àwọn wọ̀nyí sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Abala kẹjọ, 7 sí 3. Alcides Escobar dé béèsì kìíní, ó jí ìkejì. Lorenzo Cain gbá a wọlé, òun náà jí ìkejì. Hosmer rìn lọ sí béèsì lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí pitcher jù tí kò dára. Melvin yọ Lester. Butler gbá Cain wọlé, Yost sì fi Terrance Gore rọ́pò ẹsẹ̀ Butler. Gore yìí, ìparí oṣù Kẹjọ ni wọ́n gbé e wá láti ikọ̀ kékeré, kì í ṣe nítorí igi, kì í ṣe nítorí ìbọ̀wọ́, ẹsẹ̀ nìkan ni. Kò pẹ́ rárá tó fi jí ìkejì. Pitcher tuntun ju bọ́ọ̀lù kan tó sá mọ́ Norris lọ́wọ́, Hosmer wọlé, 7 sí 6, Gore bọ́ sí béèsì kẹta. Gordon rìn lọ sí béèsì, òun náà jí ìkejì. Olè mẹ́rin nínú abala kan.

Pérez ló wá kàn. Béèsì kejì àti ìkẹta ní èèyàn, ẹnì kan péré ni wọ́n tíì yọ. Kó ṣáà gbá bọ́ọ̀lù kan jìnnà sí òfuurufú, bí wọ́n tilẹ̀ há a, ẹni tó wà ní béèsì kẹta á sáré wọlé, eré á dọ́gba. Bọ́ọ̀lù tó jìnnà sí i pátápátá ló ń ju igi sí, wọ́n yọ ọ́. Omar Infante tẹ̀ lé e, wọ́n yọ òun náà. Bí wọ́n bá pàdánù, orúkọ Pérez ni ì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ventura nínú ìwé ìròyìn. Yost ò yọ ọ́. Ohun kan náà tó ń bí èèyàn nínú lára rẹ̀ láti oṣù Kẹrin ni, pé kì í gba ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní abala kẹsàn-án, Josh Willingham gbá ọ̀kan tó kàn já sílẹ̀ níwájú àwọn tó ń ṣọ́ pápá. Jarrod Dyson wọlé sáré fún un. Escobar fi igi rọra ta bọ́ọ̀lù kí Dyson lè dé ìkejì. Dyson tún jí ìkẹta. Jíjí béèsì kẹta ní abala kẹsàn-án tí ẹyọ àmì ayò kan fi yàtọ̀, ìwà wèrè ni, àfi bó bá dá ẹ lójú pé catcher ò lè mú ẹ. Nori Aoki gbá bọ́ọ̀lù sí òfuurufú ní ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n há a, Dyson sáré wọlé. 7 sí 7.

Brandon Finnegan, tó ṣì wà ní yunifásítì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún yẹn, gba abala kẹwàá àti ìkọkànlá láì fi àmì ayò kankan sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé Yost yìí náà ni wọ́n ń bú nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé ọmọdé lábala kẹfà. Ní ìkejìlá, Oakland tún gba ọ̀kan, 8 sí 7. Nígbà tó kan Royals, Hosmer gbá bọ́ọ̀lù lu ògiri níbi tí àwọn ará Oakland méjì ti forí gbárí, ó dé béèsì kẹta. Christian Colón gbá bọ́ọ̀lù kan tó ta sókè nílẹ̀ tí wọn ò rí mú, Hosmer wọlé, 8 sí 8. Wọ́n ti yọ ẹni méjì. Colón fẹ́ jalè, Oakland fura, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ kí Norris lè rí àyè nà án. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Norris. Colón dé ìkejì. Olè keje nìyẹn, ẹni méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì jí wọn.

Pérez ti gbé igi lẹ́ẹ̀marùn-ún lálẹ́ yẹn láì rí nǹkan kan. Wọ́n tún ju bọ́ọ̀lù tó jìnnà sí i. Ó na apá, ó gbá a gba ẹ̀gbẹ́ Josh Donaldson, tó ń ṣọ́ béèsì kẹta fún Oakland, kọjá sí ọwọ́ òsì. Colón wọlé. 9 sí 8, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 45.

Àwọn kan sọ lọ́jọ́ kejì pé ọpọlọ Yost ló ṣiṣẹ́. Rárá o. Ká ní Soto ò fara pa ni, ó ṣeé ṣe kí Royals kú lórí 7 sí 3, kí iṣẹ́ Yost sì bá a lọ. Àmọ́ ẹni tó ní kò ṣe nǹkan kan náà ò sọ òótọ́. Àyè tó wà lọ́wọ́ catcher Oakland wà níbẹ̀ fún ikọ̀ èyíkéyìí. Ikọ̀ tó ní Gore àti Dyson lórí ìjókòó, tí wọ́n fún ní àyè láti sá nígbà tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ilé, ló lè lò ó.

Ohun tó fi hàn mí pé ó kẹ́kọ̀ọ́ ni ìyókù oṣù náà. Royals nà Los Angeles Angels ní mẹ́ta sí òdo. Mike Scioscia, mánéjà wọn, catcher lòun náà. Wọ́n nà Baltimore ní mẹ́rin sí òdo. Ní World Series, wọ́n bá San Francisco Giants, tí Bruce Bochy, catcher mìíràn, ń darí. Ventura ju bọ́ọ̀lù fún abala méje ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹfà láì fi àmì ayò kan sílẹ̀, Royals gba á ní 10 sí 0: bó ṣe rí nìyẹn tí wọ́n bá fi í sí ibi tó yẹ ẹ́. Ní ìkeje, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, Yost pe Herrera wọlé ní abala kẹrin. Abala kẹrin! Ẹni tó ní ìkeje nìkan ni ti Herrera. Ó sì tọ́, Herrera, Davis àti Holland kò fi nǹkan kan sílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn àmì ayò kẹta tí Giants gbà. Bochy náà ti pe Madison Bumgarner, tó sinmi fún ọjọ́ méjì péré, abala márùn-ún ló sì gbà. Giants gba á ní 3 sí 2. Gordon wà ní béèsì kẹta nígbà tí Pérez gbá bọ́ọ̀lù tó lọ sókè tí wọ́n há. Ohun tí Bochy ṣe fún Bumgarner jọ ohun tí Yost fẹ́ ṣe fún Ventura, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré láìpẹ́ tí wọ́n tún pè wọlé láàárín. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Bumgarner wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ abala, kò sí ẹnì kan lórí béèsì.

Ní 2015 wọ́n padà wá, wọ́n gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 95, wọ́n sì nà New York Mets nínú World Series ní mẹ́rin sí ọ̀kan. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, Terry Collins ti Mets fi Matt Harvey sílẹ̀ lórí òkìtì ní abala kẹsàn-án nítorí pé Harvey bẹ̀bẹ̀, Royals sì dọ́gba. Ní abala kejìlá, Pérez dé béèsì, Dyson wọlé sáré fún un, ó jí ìkejì, Colón gbá a wọlé. Àwọn mẹ́ta kan náà. Pérez ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó dára jù lọ nínú ìdíje náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Collins ni pé ó pẹ́ kó tó yọ pitcher; ti Yost ní ọdún kan ṣáájú ni pé ó yá jù.

Ventura kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Dominican Republic ní oṣù Kìíní 2017, ọmọ ọdún 25. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Yost jábọ́ láti orí àga ọdẹ tó so mọ́ igi nínú oko rẹ̀ ní Georgia, egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi pe ìrànlọ́wọ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2018, àmọ́ Hosmer àti Cain ti lọ, ikọ̀ náà sì ti ń rì. Ó fẹ̀yìn tì ní òpin sáà 2019 pẹ̀lú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 746 tó gbà fún Royals, kò sí mánéjà wọn tó gbà tó bẹ́ẹ̀, àti 839 tó pàdánù. Mike Matheny, tó ti jẹ́ catcher fún St. Louis Cardinals tó sì ti ṣe mánéjà wọn, ni wọ́n gbà sípò rẹ̀.